Alásè Ìkórè Wa ní Mọ́kọ́lá, Ẹni Tí Ó Mọ Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọdún 11 ni mo fi jẹ́ alága ìgbìmọ̀ oúnjẹ nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, n kò jókòó gbọ́ ìwàásù ọjọ́ Ìkórè rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn ilé ìjọ ni mo máa ń wà nídìí àdògán, tí èéfín ń ru sí mi lójú, tí mo sì ń gbọ́ orin ìdúpẹ́ láti ojú fèrèsé. Ní ọdún tó kọjá, orúnkún mi wú, ẹ̀jẹ̀ mi sì ga, dókítà sì kìlọ̀ fún mi pé kí n dín ìdúró kù. Nígbà tí mo sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé apá mi kò ká iṣẹ́ náà mọ́, àwọn kan dákẹ́, ẹnìkan sì sọ pé iṣẹ́ Olúwa kì í sú ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí pé iṣẹ́ náà kò sú mi. Ara ni kò gbé e mọ́.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ alásè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nìyẹn. Ìyàwó ọmọ mi ni ó júwe rẹ̀, nínú àgbàlá kan ní àdúgbò Mọ́kọ́lá. Àwo 400 ni a ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí ó fi kúnlẹ̀ tí ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, 250 ni èmi àti ọmọṣẹ́ mẹ́rin lè sè lọ́jọ́ kan. Bí mo bá gba 400, àmàlà tútù ni ẹ ó jẹ." Ó tún fi yé wa pé ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ni òun máa ń gba iṣẹ́ láàárín oṣù, nítorí pé òun náà ní ìjọ tí òun ń lọ. N kò tíì rí alásè tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dá owó padà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tún bá mi díẹ̀, nítorí ohun tí ó sọ ní ìṣẹ́jú kan yìí, ọdún mélòó kan ni mo fi ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ fún ìjọ mi. A fún un ní 250, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì gba ìrẹsì àwo 150 tó kù.

Oúnjẹ rẹ̀ dára púpọ̀. Fúnra rẹ̀ ni ó lọ ra èlùbọ́ ní Bódìjà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì kù ú. Mo dúró tì í nígbà tí ó ń ro ìkòkò àkọ́kọ́: nígbà tí omi hó, ó da èlùbọ́ sí i, ó fi orógùn rò ó títí tí kókó kankan kò fi sí níbẹ̀, ó bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e, ó dé e kí ó jinná, lẹ́yìn náà ni ó tún un rò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e sínú ọ̀rá. Kò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkòkò kan ni ó ń rò tẹ̀ lé èkejì, débi pé ẹni tí ó gba oúnjẹ kẹ́yìn pàápàá jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Láti ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ti rẹ ẹ̀wà gbẹ̀gìrì tí wọ́n sì bó o, ó sì sẹ́ ẹ lẹ́yìn tí ó jinná, nítorí náà ó kúnná dáadáa. Ìjábẹ̀ ni ó fi ja ewédú rẹ̀, káún tí ó fi sí i kò sì pọ̀ jù.

Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: iyọ̀ kò tó o, ó sì rọ̀ jù. Bákan náà, kò ní ìwé rìsíìtì, akápò wa sì ní láti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kọ iye tí ó gbà sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ ìjọ. Ìdajì owó ni ó ń gbà ṣáájú. Lóòótọ́, ó wọ́n ju kí a sè é fúnra wa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyá dá owó jọ dípò àìsùn, n kò sì rí ẹni tí ó kábàámọ̀.

Olùṣọ́ àgùntàn wa ni ó rán ẹgbẹ́ létí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, níbi tí ó ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó gan-an ni ó mú kí wọ́n yan ọkùnrin méje, kí àwọn àpọ́sítélì má baà fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ tìtorí tábìlì. Ẹni tí ó bá mi wí ní ìjọ́sí ni ó kọ́kọ́ ṣe àmín. Ní ọjọ́ Ìkórè náà, àga kejì láti iwájú ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ìwàásù tán, mo bá wọn kọ orin ìdúpẹ́, mo sì jó dé ibi àpótí ọrẹ pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Ìjọ tí Ìkórè rẹ̀ bá bọ́ sí oṣù kẹwàá tàbí oṣù kọkànlá ní láti tètè lọ bá a, ó kéré tán ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo náà ni yóò gbà láàárín oṣù. Ó ti kọ ọjọ́ tiwa ti ọdún yìí sínú ìwé rẹ̀, láìsí mọ́ínmọ́ín.