Olùdámọ̀ràn inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àbí 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ l'Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń ro àtipa ara rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ dàrú?
Fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì l'Amẹ́ríkà tí ìbànújẹ́ ti ń bá fínra tipẹ́, olùdámọ̀ràn inú ọgbà ni mo fara mọ́. Ẹnì kan náà lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, ẹ ò ní máa tún ìtàn yín sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í sì í gbowó rẹ̀. Àmọ́ ọ́fíìsì sábà máa ń tì nírọ̀lẹ́, ìgbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ráyè. 988, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2022, ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè pè é tàbí kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ pè é lóru yẹn gan-an.