₦1,000 fún òwú tútù: bí lọ́ńdìrì kan ní Tánkẹ̀, Ìlọrin, ṣe ń dán àwọ̀ aṣọ wò

Wọ́n fi ₦1,000 lé owó tí mo fẹ́ fi fọ kọ́tìnnì mi, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó "dídán àwọ̀ wò" ni. Ìṣojú mi ni ìdánwò ọ̀hún ti wáyé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà já òwú díẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú omi píọ̀ wọ́tà, ó fi kan aṣọ funfun tí wọ́n fi tẹ́ kọ́tìnnì nínú, ó ní, "Kò ṣí, Àlàájì," ó sì fa máàkì. Ó parí. Kọ́tìnnì ọ̀hún fúnra rẹ̀ pupa bí obì, funfun inú rẹ̀ ló wá ń dán wò! Ta ló ń bẹ̀rù pé kí funfun ṣí?

Nígbà tí wọ́n máa kó o jáde, pupa tó fẹ̀ tó ìka méjì ti fà yí etí ìsàlẹ̀ aṣọ funfun náà ká, òkè rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá mọ aṣọ kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò fún un dáadáa kí wọ́n tó sá a. Omi ń sàn bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń kó àwọ̀ bọ̀, etí ìsàlẹ̀ ló sì gbẹ kẹ́yìn, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ kó jọ sí.

Ọ̀gá wọn ní àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò fi iyọ̀ sí i, pé iyọ̀ ló ń di àwọ̀ mú. Rárá o. Inú ìkòkò aró ni iyọ̀ ti wúlò, níbi tó ti ń ti irú àwọn aró òyìnbó kan wọnú òwú. Aṣọ tó ti kúrò lọ́wọ́ aláró, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ nínú báàfù kò lè di àwọ̀ tí kò mú tẹ́lẹ̀ mú. Ọmọbìnrin yẹn náà dá sí i: "Ẹ jẹ́ ká da búlíìṣì sí i." Orí mi gbóná.

Ariwo yẹn ló mú bàbá kan jáde láti ẹ̀yìn, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ya síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ti gbó, ó ní òwú kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan, ṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó po síbí tíì kan ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ gan-an mọ́ kọ́ọ̀pù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, torí omi lásán kì í tú àṣírí tí ọṣẹ ń tú. Ó wá ibi tí kọ́tìnnì ti ṣẹ́ sínú, tí oòrùn kò dé, àti ibi tí oòrùn ti pa, ó fi àkísà tútù náà ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá. Ó fi àkísà méjì há ibẹ̀ láàárín, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé e, ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ibòmíràn, torí àwọ̀ mìíràn á fara mọ́ omi, á wá ṣí lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. "Àlàájì, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta," ó ní, "iná gílóòbù ń purọ́." Pupa ti hàn lára àkísà méjèèjì.

Ó dán búlíìṣì náà wò: síbí tíì méjì nínú ìdá mẹ́rin kọ́ọ̀pù omi, ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ojú rírán, ìṣẹ́jú kan. Àwọ̀ ibẹ̀ ṣí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó dà á nù. Ó tú aṣọ funfun náà kúrò lára kọ́tìnnì, ó rì í sínú omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọn kò tíì lọ̀ ọ́, ohun tó yọ ọ́ nìyẹn. Pupa náà lọ, ó ku fẹ́ẹ́rẹ́ létí kan.

Àpò tìmùtìmù méjì tí wọ́n fi etù rán ló mú kí n gbà fún un pátápátá. Àkísà tútù tó kàn tẹ̀ mọ́ ọn, láì ra á, kò rí nǹkan kan mú. Ẹlòmíràn ì bá ní kò ṣí, kó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá fi àkísà gbígbẹ ra á, ó di aró! Aró ẹlú kì í yòrò nínú omi, ojú òwú ló jókòó sí, fífi nǹkan ra á ló ń gbé e kúrò. Omi tútù ló fi fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀, kò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ kò ní àléébù, wọn kì í sì í yẹ ọjọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í jókòó sídìí káńtà, ẹni tó ń jókòó níbẹ̀ ló ń fa máàkì. ₦1,000 ọ̀hún, wọn ò dá a padà. Wọ́n ní àwọn á yọ ọ́ lára èyí tó ń bọ̀.

Máàkì: 2 nínú 5. Rọ́ọ̀gì pálọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn báyìí, wọ́n sì ti yọ ₦1,000 náà lára owó rẹ̀. Bàbá ní òun á tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì funfun tútù sábẹ́ igun kan di ọ̀la kóun tó bu omi sí i.