Mo ti wo Ogun àti Àlàáfíà ti Bondarchuk tán, ẹ jẹ́ n sọ tèmi

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fíìmù Soviet yìí, tí wọ́n ṣe látinú ìwé ìtàn Leo Tolstoy, òǹkọ̀wé Rọ́ṣíà (War and Peace ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì). Ti àkọ́kọ́ ò wọ̀ mí lára rárá. Àwo DVD tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan ni, wọ́n ti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì bo ẹnu gbogbo àwọn òṣèré, ètè ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ ń lọ sósì. Oorun gbé mi lọ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe ni mo wò, èdè Rọ́ṣíà lẹ́nu wọn, ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Apá mẹ́rin ni, ó tó wákàtí méje lápapọ̀. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi wò ó, ẹ má sì dán an wò ní ìjókòó kan.

Sergei Bondarchuk ló darí ẹ̀, òun náà ló ṣe Pierre, ọ̀kan nínú àwọn olú ẹ̀dá ìtàn náà, ohùn ẹ̀ náà là ń gbọ́ nínú àlàyé. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀, torí àìsàn ọkàn dá a dùbúlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn ní 1956, Audrey Hepburn ló ṣe Natasha, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, fún wọn. Ìjọba Soviet ò lè gbà kí àlejò pa ìtàn Tolstoy ju onílé lọ, ni wọ́n bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà gidi fún Bondarchuk, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì yá a ní ẹrù. Láàárín 1966 sí 1967 ló dé sinimá, ó sì gba Oscar ní 1969.

Ẹ ó rí gbogbo ẹ̀ lójú ogun Borodino, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti kojú ọmọ ogun Faransé ti Napoleon. Èéfín bolẹ̀, ẹṣin ń ṣubú lura wọn, Pierre wá dé fìlà funfun gíga, ó ń rìn kiri láàárín àgbá bí ẹni tó ń wá ilé ìyàwó tó sì ṣìnà. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ogun ọ̀hún ṣáà pọ̀ jù, nígbà tó yá mi ò mọ ẹni tó ń yìnbọn fún ta mọ́.

Ibi tó mú mi gan-an ò ní ìbọn. Nínú ìwé náà, Faransé làwọn ọlọ́lá Rọ́ṣíà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bondarchuk ò yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ń sọ Faransé, ohùn kan sì ń tú u sí èdè Rọ́ṣíà lórí ọ̀rọ̀ wọn. Nínú àwo tí mo rà, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ọ̀gá àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń sọ. Abájọ tí n kò fi rí nǹkan kan nínú ijó Natasha nígbà yẹn! Wọ́n ti ọdẹ dé, wọ́n yà sílé ìbátan wọn kan ní ìgbèríko, bàbá náà gbé gìtá. Natasha bọ́ ìborùn ẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó mi èjìká. Oníjó ballet ni Lyudmila Savelyeva tó ṣe é, ṣùgbọ́n ijó àwọn ará oko ló jó níbẹ̀. Tolstoy béèrè nínú ìwé pé níbo ni ọmọ tí olùkọ́ Faransé tọ́ ti rí ijó yìí. Nílé ìwé tiwa, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà tá a bá sọ Yorùbá, ẹ wá fojú inú wo bó ṣe rí lára mi.

Àlàyé máa ń pọ̀ jù nígbà míì, igi oákù lásán ò lè dúró jẹ́ẹ́ kí ohùn má bá a dúró. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Pierre ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ìfẹ́ Nikolai, ẹ̀gbọ́n Natasha, àti Marya, ọmọ ọlọ́lá kan, náà ò rí àyè. Èyí dùn mí, torí Marya ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé.

Mo fún un ní 8 nínú 10. Bó bá jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, apá kejì, Natasha Rostova, ni kẹ́ ẹ wò. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣáà rí i pé ètè àti ohùn wọn bára mu.