Àpótí CRISPR tí mo rà láti fi tún jíìnì bakitéríà ṣe nílé

"Ọwọ́ rẹ ni kò mọ́." Bí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ta àpótí yìí fún mi ṣe kọ ọ́ sínú ímeèlì nìyẹn, nígbà tí mo fẹjọ́ sùn pé nǹkan kan kò hù lórí àwọn àwo tí mo gbin bakitéríà sí. Kò kí mi, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ìgò tó wà nínú àpótí, ó wà lórí ìkànnì wọn, irú wọn kan náà ló pọ̀ níta.

CRISPR ni irinṣẹ́ tó ń gé jíìnì síbi tí a bá fẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ni pé kí a pààrọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì rpsL ti bakitéríà E. coli, ẹ̀yà rẹ̀ tí kì í pa èèyàn lára. Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, la fi ń kọ jíìnì. AAA á di ACA, streptomycin, oògùn tó ń pa bakitéríà, kò sì ní ríbi dì mú mọ́. Èyí tí àtúnṣe bá jẹ́ lára rẹ̀ á hù lórí àwo tó ní oògùn, ìyókù á kú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó gba èsì kankan gbọ́, àwo ẹ̀rí méjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan kò ní oògùn rárá, bakitéríà inú ìgò sì gbọ́dọ̀ hù níbẹ̀. Èkejì ní oògùn, èyí tí a kò tún ṣe kò sì gbọdọ̀ hù níbẹ̀.

Gbogbo àwo mi ló ṣófo, títí kan èyí tí kò ní oògùn. Bí ọwọ́ mi bá dọ̀tí ni, nǹkan ni ì bá hù: èbu ni o, kòkòrò tí n kò gbìn ni o. Àwo tó mọ́ fefe kò lè jẹ́ ẹ̀rí ọwọ́ ìdọ̀tí láéláé. Òkú bakitéríà ni wọ́n tà fún mi. Houston ni mò ń gbé, oṣù Kẹjọ ni mo rà á, àpò yìnyín inú páálí sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà mi, bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé inú fíríìjì ni kó máa wà. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí n lọ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà. Mo tún kọ̀wé, mo fi nọ́ńbà sára àwo kọ̀ọ̀kan, mo ṣàlàyé èyí tí kò ní oògùn. Ó ní àwọn lè ta òmíràn fún mi pẹ̀lú ẹ̀dínwó. Ẹ̀dínwó! Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ìwádìí, tí wọ́n gbé ẹ̀rí síwájú rẹ̀, kò wò ó.

Mo bá pe fóònù wọn. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù wọn gan-an ló gbé e. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àwo tí kò ní oògùn ńkọ́?" Mo ní ó ṣófo. Ó ní, "Wọ́n ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn. Ẹ má bínú." Ara mi rọlẹ̀. Ó fi tuntun ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú yìnyín tó pọ̀, ó dé ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí n pe òun kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Orí fóònù la jọ wà nígbà tí mo ti ìgò náà bọ omi tó gbóná dé 42°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí CRISPR lè ráyè wọ inú bakitéríà, tí mo sì dá a padà sínú yìnyín. Òun ló ń bá mi kà á. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ní kí n da bakitéríà sórí àwo olóògùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá, kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi nínú omi oúnjẹ wọn fún wákàtí mélòó kan, torí pé ribosome àtijọ́, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe protéènì, tí oògùn lè dì mú ṣì kún inú wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ráyè ṣe tuntun láti ara jíìnì tí a tún ṣe. Èé ṣe tí irú àlàyé pàtàkì báyìí kò sí nínú ìwé?

Wọ́n hù! Àmì funfun tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́, lórí àwo streptomycin, tí àwo ẹ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì mọ́ kedere. Mo pariwo pe ìyàwó mi.

Àrùn fòníkúfọ̀ladìde ń bá àbúrò mi obìnrin jà. Àyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo ló fa àrùn náà: GAG tó di GTG nínú jíìnì hímóglóbíìnì, èròjà tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí tí mo fi ń tọpa ìwádìí yìí nìyẹn láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier ti gbé ìwádìí wọn lórí CRISPR jáde ní 2012. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú àrùn yìí tí wọ́n ń fi CRISPR ṣe, ní oṣù Kejìlá 2023, tí wọ́n dá mílíọ̀nù 2.2 dọ́là lé e, inú bí mi sí owó náà. Kò tilẹ̀ tún lẹ́tà yẹn ṣe. Jíìnì BCL11A ni wọ́n ń gé nínú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun, kí ara lè padà máa ṣe hímóglóbíìnì tí ọmọ inú oyún ń lò. Nínú ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà tí mo dà sórí àwo mi, ìwọ̀nba díẹ̀ ló gba àtúnṣe. Owó náà ṣì ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Àbúrò mi ọkùnrin, olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní Ìbàdàn, rí fọ́tò náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa fi ọ̀kan ránṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì wa." Mo bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni ìjọsí ló dáhùn: ibikíbi làwọn ń kó o lọ. Irọ́ tó léwu nìyẹn. Láti 2015 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun alààyè tí a tún jíìnì rẹ̀ ṣe wọlé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ NBMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irú ohun bẹ́ẹ̀. Ní Britain, ibi tí wọ́n bá ti fi tó HSE, àjọ tó ń rí sí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́, létí nìkan ni èèyàn ti lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ṣé kí wọ́n wá gbá olùkọ́ mú nítorí ímeèlì tó kọ láìronú?

Ẹ̀sùn kan tún kù. Streptomycin lè má ran bakitéríà nítorí àyípadà tó ṣàdédé wáyé, láìsí CRISPR rárá, síbẹ̀ àpótí náà kò pèsè ọ̀nà kankan láti ka lẹ́tà tí a pààrọ̀. Owó ọ̀tọ̀ ni mo san fún ìyẹn níbòmíràn. ACA ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ má rà á nígbà ooru, ẹ má sì kọ ímeèlì sí wọn. Fóònù ni kí ẹ pè, kí ẹ ní ẹni tó wà ní láàbù lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.