Mo Fi Ẹyẹ Ìbàdàn àti Sìlọ́ọ̀tì Panama Dán Red List Wò

Láti 1964 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ń ṣe Red List, àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó lè parun, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Mo ṣí ojú-ìwé ẹ̀dá méjì níbẹ̀, mo sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni málímbì Ìbàdàn, ẹyẹ olórin tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ga, tí orí àti àyà rẹ̀ pupa, tí Elgood fún ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1958, tí kò sì sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Èkejì ni sìlọ́ọ̀tì aràrá, ẹranko arìn-jẹ́jẹ́ tó ń fi èékánná mẹ́ta-mẹ́ta rọ̀ mọ́ igi ní erékùṣù Escudo de Veraguas ní Panama.

Lẹ́tà EN (Endangered, ó wà nínú ewu) ni wọ́n kọ sí ẹyẹ, CR (Critically Endangered, ó wà nínú ewu ńlá) ni wọ́n kọ sí sìlọ́ọ̀tì, èyí tó túmọ̀ sí pé ewu tirẹ̀ fi ìpele kan le ju ti ẹyẹ lọ. Ó bá òfin wọn mu: ẹ̀dá tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó 100 kìlómítà onígun-mẹ́rin lè gba CR bí àwọn ẹ̀rí mìíràn bá wà, bí kò bá sì tó 5,000, ó lè gba EN. Erékùṣù náà lódindi kò ju nǹkan bíi 4 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọkàn balẹ̀ nípa ẹyẹ wa, nítorí pé igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí í ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tó kù fún un, jẹ́ nǹkan bíi 350 hẹ́kítà (kìlómítà onígun-mẹ́rin 3.5), èyí tí kò tó erékùṣù náà pàápàá.

Apá tó sọ ohun tó ń pa wọ́n ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n máa ń ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó, ṣùgbọ́n orin málímbì kọ́ ló kó bá a; àwọn tó ń gé gẹdú, tó ń ṣẹ́ igi ìdáná, tó sì ń ṣán igbó di oko ni. Ti sìlọ́ọ̀tì, igi etí òkun tó ń hù nínú omi iyọ̀ ni wọ́n ń gé.

Ẹ máa wo ọdún tí wọ́n ṣe ìdíwọ̀n kí ẹ tó gba iye kankan gbọ́. Sìlọ́ọ̀tì 79 péré ni ìwádìí kan tó jáde ní 2012 kà. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí mìíràn gbé iye náà sókè, nítorí àwọn sìlọ́ọ̀tì ń gbé inú igbó àárín erékùṣù pẹ̀lú.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Red List. Àwòrán ilẹ̀ ló jẹ ìkarùn-ún, torí àwọ̀ kan náà ló máa ń fi kun igbó àti oko.