Ààfin orí òkè ní Petrópolis: ẹ mú súwẹ́tà dání o
Àbúrò mi tó ń gbé ní Rio ló ní mi ò gbọdọ̀ padà sí Èkó láìgun òkè lọ wo Petrópolis, ìlú orí òkè kan ní Brazil. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 68 lọ, àmọ́ ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára òkè débi pé etí mi dí. Oòrùn ń ràn nígbà tá a kúrò ní Rio. Nígbà tá a máa dókè, kùrukùru ti bo gbogbo igi. Ruço ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Oṣù Keje ni, ìgbà òtútù tiwọn, áńkárá nìkan ló sì wà lọ́rùn mi.

Pedro Kejì, ọba Brazil, ló kọ́ ààfin yẹn kó lè máa sá fún ooru Rio. Pínkì ni wọ́n kùn ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1845, ó di 1862 kó tó parí, láti 1943 ló sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Museu Imperial. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún yín ní sálúbàtà aṣọ ràgàjì kan, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ lé bàtà yín kí ilẹ̀ pákó má baà ha. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ o, ẹ máa wọ́ ọ ni! Èmi tí mo fẹ́ yan fanda, díẹ̀ ló kù kí n fìdí jókòó níwájú àwọn ọmọ iléèwé. Àtàgbà àtọmọdé, gbogbo wa ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri. Abájọ tí ilẹ̀ náà fi ń dán, àwa la kúkú ń bá wọn nù ún.

Ìdí adé lèrò pọ̀ sí. Dáyámọ́ńdì 639, péálì 77. Ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n gègé wúrà kan ló dá mi dúró, èyí tí Isabel ọmọ ọba fi fọwọ́ sí òfin tó fòpin sí oko ẹrú, lọ́jọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888. Ọmọ Àgùdà ni mí, Campos l'Ékòó ni wọ́n bí mi sí, a ṣì ń se frejon, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ní Good Friday. Baba ńlá wa ti fowó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀, ó ti wọkọ̀ láti Brazil dé Èkó tipẹ́tipẹ́ kí gègé yẹn tó kan ìwé. Mo dúró tì í títí àbúrò mi fi wá fà mí lọ́wọ́.

Inú ọgbà ni kẹ́ ẹ pẹ́ sí. Jean-Baptiste Binot ló ṣètò rẹ̀: ọ̀pẹ tó ga dé ọ̀run, igi ilẹ̀ òkèèrè, omi ń kán tó, tó, lára ewé. Mo wá pèrègún títí, mi ò rí.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Monday, wọn kì í ṣí. Tí òtútù bá mú yín, ẹ béèrè Rua Teresa, àdúgbò ọlọ́jà aṣọ. Ìka ni mo fi ná súwẹ́tà níbẹ̀, nítorí mi ò gbọ́ Potogí. Ó ti wà nínú àpótí mi l'Ékòó látìgbà náà.