Lábù server àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tí mo rí níbẹ̀, tibi tire

Àwọn èèyàn ò yéé bi mí pé kíláàsì server (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì (bí wọ́n ṣe ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) tí mo lọ ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ kí ẹnu mi lè sinmi. Mi ò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà torí ẹ̀sùn wà tí mo fẹ́ kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe LAUTECH o, ibi tí mò ń sọ yìí kékeré ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan báyìí, yàrá lábù kan ṣoṣo ló wà lókè.

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó dáa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, orí pátákó ni gbogbo ẹ̀ máa ń parí sí, wọ́n á ní OSI, ìyẹn àlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti orí kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn, ní ìpele 7, ẹ ó dà á kọ, ẹ ó lọ sílé. Níbí, wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ kó lé wa lọ́wọ́, Cat5e tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, pẹ̀lú crimper tí wọ́n fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, RJ45, ìyẹn orí wáyà náà, wá kún inú ike áìsì kíríìmù kan. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa (Bọ̀dá Lábù ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ) kàn ní ká bó o, ká to wáyà wẹ́wẹ́ 8 tó wà nínú ẹ̀: funfun-ọ́réńjì, ọ́réńjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-bíráwùn, bíráwùn. T568B ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ẹ wo bí gíríìnì ṣe pínyà tí búlúù méjèèjì jókòó sáàárín wọn, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ kó gíríìnì méjèèjì pọ̀ sójú kan kó lè rẹwà, tó sì to orí kejì bẹ́ẹ̀ náà, tester tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò á tan iná 8 pé, ẹ ó rò pé ó ti parí, tí wáyà yẹn bá wá gùn díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kátikàti, torí àwọn tó yẹ kó lọ́ mọ́ra wọn ti ń bá àjèjì rìn. Èmi ò rí ibòmíì tí wọ́n ti fi ìyẹn han èèyàn lójúkojú.

Àmọ́ nǹkan tó jẹ́ kí n lè sọ pé kẹ́ ẹ lọ gan-an ni pé Bọ̀dá Lábù máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́. Á ti dé ṣáájú wa, á ti yọ kinní kan, á ti yí kinní kan padà, tá a bá wọlé á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan á máa jẹ ẹ̀pà ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan báyìí, íntánẹ́ẹ̀tì ò wọlé lórí bí ìdajì àwọn kọ̀ǹpútà, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ geere. Ẹnì kan ti dìde pé òun fẹ́ lọ pa router (ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé) kóun tún un tàn. Ọ̀gá ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Jókòó. Kí lo rí?" Àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀) ní lábù yẹn, 10.10.10 ló yẹ kó máa fi bẹ̀rẹ̀. A tẹ ipconfig /all, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà hàn, lórí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣàìsàn, ẹ gbà mí, 192.168.0 la rí. Ta ló wá fún un? Ìlà tí wọ́n kọ DHCP Server sí (ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà) ti tú àṣírí ẹ̀: 192.168.0.1, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí nínú wa. A ping ẹ̀, ìyẹn ni pé a pè é wò, ó dáhùn. A tẹ arp -a, a rí MAC ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ mọ́ ẹ̀rọ náà lára. A wá fi wáyà console, èyí tí wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà, wọ inú switch tí gbogbo wáyà lábù ti ń pàdé, Catalyst 2960 ayé àtijọ́ kan (iyára 9600 lẹ máa fi sí PuTTY tẹ́ ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́nranwọ̀nran ló máa kọ sójú ẹ), a tẹ show mac address-table, MAC yẹn wà ní ihò 17. Báyìí la tẹ̀lé wáyà ihò 17 lórí ìkúnlẹ̀ dé abẹ́ tábìlì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni a bá router ilé kékeré kan nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, iná ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bọ̀dá Lábù ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára ṣòkòtò.

Kókó ibẹ̀ ni pé DHCP méjì ló ń pín àdírẹ́sì lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, èyí tó bá sì kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdajì ló dákú. Lẹ́yìn náà ló wá fi DHCP snooping hàn wá lórí switch yẹn, pé ihò kan ṣoṣo lo máa fọkàn tán láti pín àdírẹ́sì, ìyókù tó bá dán an wò, switch á da ọ̀rọ̀ ẹ̀ nù. Inú ìwé, bí ìlà mélòó kan lásán ni ọ̀rọ̀ yìí, mo ti kà á kọjá tẹ́lẹ̀ láìkà á sí.

Apá server náà ò burú. Ubuntu Server, irú Linux kan, tí ò ní désìkítọ́ọ̀pù, ojú dúdú pátápátá, ẹ ó fi SSH wọ ọ́ láti orí kọ̀ǹpútà míì, ẹ ó gbé DNS (tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì) dìde, tó bá kọ̀ ẹ ó lọ ka journalctl, ibi tí server ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sí, dípò kẹ́ ẹ máa pe ọ̀gá. RAID 1, níbi tí dísìkì méjì ti ń tọ́jú ohun kan náà, ló dùn mọ́ mi jù. Ó fa dísìkì kan yọ nígbà tí server ṣì ń ṣiṣẹ́, [UU] tó wà nínú /proc/mdstat (U kọ̀ọ̀kan dúró fún dísìkì tó ń ṣiṣẹ́) di [U_], iṣẹ́ sì ń lọ bíi pé nǹkan ò ṣẹlẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó dá dísìkì náà padà, ó jẹ́ kí méjèèjì tún bára mu, ló bá pa fáìlì kan rẹ́, ó ní ká lọ wá a lórí dísìkì kejì. Kò sí níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tún pe RAID ní backup (ẹ̀dà ìpamọ́) lójú òun á ra ẹ̀pà fún gbogbo kíláàsì.

Ó ti wá kan ẹ̀sùn mi. Kọ̀ǹpútà wọn, 4GB ni RAM ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá ti fẹ́ kọ́ Active Directory, tí wọ́n fi ń darí àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń lò wọ́n, mọ̀ pé ó kéré tán ẹ nílò Windows Server kan àti kọ̀ǹpútà kan tó máa darapọ̀ mọ́ ọn, kí VirtualBox, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé nínú kọ̀ǹpútà, gbé méjèèjì lórí 4GB, ẹ lè lọ jẹ àmàlà ní Takie kẹ́ ẹ padà dé kó tó tàn tán. Wọ́n ń lo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Windows Server tí wọ́n fi ń dán an wò, ọjọ́ 180 ló ń lò, ti orí àwọn ẹ̀rọ kan ti kú kó tó kàn wá, ó wá ń pa ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Switch gidi kan ṣoṣo ló wà, torí náà VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́) tó yẹ kó rìn láti switch kan dé èkejì, inú Packet Tracer, ètò tó ń ṣàfarawé switch, la ti ṣe é. Packet Tracer dáa o, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo sanwó fún.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ iná. UPS wọn ti di ọ̀ṣọ́, bátìrì ẹ̀ ti kú, tí iná bá lọ gbogbo server á ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wá máa wo fsck tó ń yẹ dísìkì wò. Wọ́n tún ń ní ká dá owó epo jẹnẹrétọ̀, lẹ́yìn tá a ti san owó kíláàsì pé! Tá a bá fẹjọ́ sùn lọ́fíìsì, "ẹ ní sùúrù" náà ni wọ́n á máa sọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ èèyàn pé server ò gbọdọ̀ kú, tí kò ra bátìrì.

Sàtífíkéètì tí wọ́n ń fún èèyàn, ẹ má gbójú lé e, tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí lẹ̀ ń wá, ẹ ṣì máa lọ ṣe CCNA, ìdánwò Cisco lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 200-301, fúnra yín. Ẹni tí ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí náà, kó má tíì lọ, Bọ̀dá Lábù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo fídíò tẹ́ ẹ sì ti ka subnet (bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì sí ìsọ̀rí) títí tọ́wọ́ yín ò tíì kan switch, ẹ lọ, ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn, ká ní wọ́n ra bátìrì UPS ni ì bá jẹ́ 4. Kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, èrò ò pọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé laptop tiyín dání tó bá ní 8GB, kẹ́ ẹ sì ra crimper, torí eyín èyí tó wà ní lábù ti jẹ.